Ìgò kan nínú fíríìsà, ìgò kan nínú ọ̀rá dúdú

Bí mo bá gbé ìgò náà síwájú iná, ńṣe ló máa ń dà bíi pé kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Kò ju oríkèé ìka kan lọ. Ohun tí wọ́n kọ sí ara rẹ̀ ni 100 máíkírógíráàmù, ìyẹn ni pé bí èèyàn bá pín gíráàmù kan ṣoṣo sí ọ̀nà 10,000, ìdá kan péré ló wà nísàlẹ̀ ìgò yẹn. Ó funfun, ó fẹ́lẹ́, bí ẹ̀fun tí afẹ́fẹ́ fẹ́ lé gíláàsì. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan ìdérí rẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ó ní kí n kọ́kọ́ gbé e sínú ẹ̀rọ tó ń fi nǹkan pòòyì, kí èyí tó bá há sábẹ́ ìdérí lè sọ̀ kalẹ̀, nítorí àwọn kan ti ṣí i lójijì rí, tí gbogbo rẹ̀ sì bá atẹ́gùn lọ. Ó ní kí n rọ omi tó mọ́ sí i, kí n má mì í, kí n fi í sílẹ̀ kó tú fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni a ó pín in sínú àwọn ìgò tín-tìn-tín, ìgò kan fún iṣẹ́ ọjọ́ kan, a ó sì kó wọn sínú fíríìsà tí òtútù rẹ̀ fi ìwọ̀n 80 lọ sísàlẹ̀ òdo.

Ọdún kẹfà rèé tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí nínú láàbù kan nílùú ọba. HER2 lorúkọ purotéènì tó wà nínú ìgò náà, apá òde rẹ̀ nìkan ni. Tẹ́lẹ̀, iṣẹ́ ni mo kà á sí, iṣẹ́ tí mo fẹ́ràn, àmọ́ iṣẹ́ náà ni. Ìgbà tí ara àbúrò ìyá mi kò yá ní Abẹ́òkúta ni mo tó rí i pé ohun tí mo ń fi ìbọ̀wọ́ gbé láràárọ̀ àti ohun tó wà nínú ọmú wọn, nǹkan kan náà ni. Láti ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ ìgò méjì kan kò ti kúrò lọ́kàn mi.

Ara sẹ́ẹ̀lì wa ní àwọn purotéènì kan tí wọ́n gún awọ rẹ̀ já, apá kan wọn wà níta, apá kan wà nínú. Etí ni wọ́n jẹ́ fún sẹ́ẹ̀lì. Bí iṣẹ́ bá wá láti ibòmíì nínú ara, apá òde ló ń gbà á, apá inú ló ń jẹ́ ẹ fún àwọn ará ilé. Rìsẹ́pítọ̀ ni àwọn onímọ̀ ń pè wọ́n. Mẹ́rin ni ìdílé tí HER2 ti wá, ọ̀rọ̀ kí sẹ́ẹ̀lì dàgbà ló sì wà lọ́wọ́ gbogbo wọn. Àwọn mẹ́ta yòókù máa ń dúró kí ohun kan wá dì mọ́ wọn kí wọ́n tó ṣe nǹkan. HER2 kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Títí di òní, wọn ò rí ohun kan tó ń wá dì mọ́ ọn láti fún un níṣẹ́. Apá rẹ̀ wà ní nínà nígbà gbogbo, bí ẹni tó ti na ọwọ́ sílẹ̀ de ẹni tí wọn yóò jọ jó. Bí òun àti ìyekan rẹ̀ kan bá ti lè so pọ̀, apá inú wọn yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ké sí sẹ́ẹ̀lì pé kó dàgbà, kó pín sí méjì.

Bó ṣe yẹ, èyí kò léwu. Jíìnì tó ń bí HER2, ìyẹn ìwé tí sẹ́ẹ̀lì ń kà kó tó ṣe é, wà lórí kúrómósómù kẹtàdínlógún, méjì ni ẹnì kọ̀ọ̀kan ní, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ bàbá, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ ìyá. Nínú àwọn jẹjẹrẹ ọmú kan ni jíìnì yìí ti máa ń di púpọ̀ lódìlódì, tí rìsẹ́pítọ̀ tó yẹ kó jẹ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún díẹ̀ lára sẹ́ẹ̀lì kan yóò wá lè tó mílíọ̀nù méjì. Igbe “dàgbà, dàgbà” kò ní dákẹ́ mọ́.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, nínú láàbù Robert Weinberg ní MIT, yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà, ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí ẹ̀yà rẹ̀ lára kókó inú iṣan eku. Ní 1985, Axel Ullrich àtàwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní Genentech, ilé iṣẹ́ oògùn kan ní California, kọ jíìnì ti èèyàn jáde. Dókítà kan sì wà ní yunifásítì UCLA ní Los Angeles, Dennis Slamon, tó ti ń kó ẹran jẹjẹrẹ tí wọ́n gé lára àwọn aláìsàn pamọ́ sínú fíríìsà. Ọ̀kan ní jíìnì lọ́wọ́, èkejì ní ẹran nípamọ́, wọ́n wá fi ọwọ́ kún ọwọ́. Nínú ìwé tí wọ́n gbé jáde ní 1987, wọ́n yẹ kókó 189 wò, nǹkan bí 30 nínú ọgọ́rùn-ún ló sì ní jíìnì HER2 tó ti pọ̀ kọjá ààlà. Àyẹ̀wò tí wọ́n ti ṣe lẹ́yìn ìgbà náà fi í sí nǹkan bí 15 sí 20. Àwọn obìnrin tó ni kókó wọ̀nyẹn, àìsàn wọn tètè máa ń padà wá, wọ́n sì tètè máa ń kú. Bí mo bá ka ìwé yẹn, ọkàn mi kì í kúrò lọ́dọ̀ fíríìsà Slamon. Àwọn obìnrin kan ti fi ẹran ara wọn sílẹ̀, ẹnì kan sì tọ́jú rẹ̀ dáadáa fún ọdún mélòó kan kí ẹnikẹ́ni tó mọ ohun tí wọn yóò fi ṣe. Ká ní ẹran náà ti bàjẹ́ ni, kò ní sí ìwé kankan láti kọ.

Odindi HER2 jẹ́ ẹ̀wọ̀n amínò ásíìdì 1,255, àwọn ègé kéékèèké tí wọ́n so pọ̀ di purotéènì, àárín rẹ̀ sì fẹ́ràn ọ̀rá, kì í fẹ́ gbé inú omi. Bí ẹ bá gbìyànjú láti fi gbogbo rẹ̀ sínú ìgò, wàhálà ni. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń gé jíìnì rẹ̀, tí wọ́n ń mú kìkì apá òde, láti ojú amínò ásíìdì 23 dé 652, tí wọ́n ń so hístídíìnì mẹ́fà, irú amínò ásíìdì kan, mọ́ ọn nídìí bí ìrù, tí wọ́n sì ń fi í sínú sẹ́ẹ̀lì tó ń dàgbà nínú omi tí wọ́n po oúnjẹ sí. Sẹ́ẹ̀lì náà yóò ka ìwé tí wọ́n fún un, yóò ṣe purotéènì náà, yóò sì tú u síta. Wọ́n á wá da omi yẹn gba inú òpó kan tí wọ́n kó níkẹ́ẹ̀lì sí. Ìrù hístídíìnì yóò di níkẹ́ẹ̀lì mú, gbogbo ìyókù yóò ṣàn lọ.

Bakitéríà lè ṣe purotéènì lọ́nà tó yá, tó sì pọ́ọ́kú ju báyìí lọ, ṣùgbọ́n kò mọ bó ṣe ń tò ó. Apá òde HER2 kún fún ìdè kéékèèké tó so igun kan mọ́ igun kejì, bí aṣọ tí wọ́n fi òkùn dì níbi púpọ̀ kí wọ́n tó rẹ ẹ́ láró, ṣúgà sì wà lára rẹ̀ káàkiri. Sẹ́ẹ̀lì èèyàn ló mọ iṣẹ́ yẹn ṣe. Èyí tí a sábà máa ń lò ni HEK293, tí Frank Graham ṣe ní 1973 nínú láàbù Alex van der Eb ní Leiden, nílẹ̀ Nẹ́dálándì. Kíndìnrín ọmọ inú oyún kan tí kò wáyé ni wọ́n ti mú un, nọ́ńbà 293 sì ni nọ́ńbà àyẹ̀wò tó yọrí sí i. Mo máa ń rántí ọmọ yẹn. N kò lè ṣe iṣẹ́ yìí kí n má rántí rẹ̀.

Ohun tí a ń fi ìgò náà ṣe kò le láti sọ. A máa ń lẹ HER2 mọ́ ìsàlẹ̀ àwo oníhò 96, a ó wá da áńtíbọ́dì tí a fẹ́ dán wò sí i, ìyẹn purotéènì tó mọ ohun kan pàtó, tó sì ń dì í mú, a ó ṣàn án, ká lè mọ èyí tó di HER2 mú dáadáa àti èyí tí kò dì í mú. Ìwádìí oògùn tuntun fún jẹjẹrẹ ọmú àti ti ikùn ń kọjá níbí yìí. Trastuzumab, tí ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ sí Herceptin, ti ara áńtíbọ́dì eku tí wọ́n ń pè ní 4D5 wá, wọ́n tún un ṣe kó fi jọ ti èèyàn ní 1992, ìjọba Amẹ́ríkà sì fọwọ́ sí i ní 1998. Apá òde HER2 pín sí mẹ́rin. Èyí tó sún mọ́ awọ sẹ́ẹ̀lì jù lọ, ìkẹrin, ni trastuzumab ń dì mú. Pertuzumab tó dé lẹ́yìn rẹ̀ ń di ìkejì mú, níbi ọwọ́ tí HER2 nà sílẹ̀ gan-an, kí òun àti ìyekan rẹ̀ má lè so pọ̀. Bí ìrísí ibi tí áńtíbọ́dì fẹ́ dì mú bá ti yí padà, kò ní mọ̀ ọ́n mọ́.

Oṣù kẹrin tí mo débẹ̀ ni ìyẹn yé mi. Mo ń kánjú nígbà náà, mi ò pín HER2 sí ìgò kéékèèké bí wọ́n ṣe kọ́ mi. Ìgò kan ni mo ń gbé jáde, tí mo ń jẹ́ kó yọ́, tí mo ń bù lára rẹ̀, tí mo ń dá padà kó tún dì. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà mẹ́fà. Nínú àwo wa, bí áńtíbọ́dì bá mú, omi inú ihò yóò di búlúù. Lọ́sẹ̀ kìíní, búlúù náà jìn bí aró Ìtòkú. Lọ́sẹ̀ kẹta, ó ti ṣá. Lọ́sẹ̀ kẹfà, n kò mọ èyí tó jẹ́ búlúù nínú wọn mọ́, mo sì ti kọ ọ́ sínú ìwé mi pé áńtíbọ́dì tuntun náà kò dára. Áńtíbọ́dì tí ẹnì kan fi ọdún méjì ṣe.

Ọ̀gá mi ní kí n lọ wo HER2 náà fúnra rẹ̀. Mo sè é pẹ̀lú ọṣẹ, mo sáré rẹ̀ nínú jẹ́ẹ̀lì tó ń to purotéènì bí wọ́n ṣe tóbi sí, ilà rẹ̀ sì yọ síbi tó máa ń yọ sí, ní nǹkan bí 100 kílódáltọ̀ọ̀nù, ìwọ̀n tí a fi ń wọn purotéènì. Bí wọ́n bá ṣírò amínò ásíìdì rẹ̀ nìkan, 70 ló yẹ kó jẹ́. Ṣúgà ara rẹ̀ ló ń jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Ó pé, kò já, kò dín. Ọ̀gá mi wá sọ pé ẹni tí wọ́n ti sè nínú ọṣẹ kò ní ìrísí kankan tó ṣẹ́ kù, bó ṣe tààrà ni o, bó wọ́ ni o, ibì kan náà ni yóò sáré dé. Jẹ́ẹ̀lì ń sọ fún mi pé ó wà níbẹ̀, àwo ń sọ pé kò sí, òótọ́ sì ni àwọn méjèèjì ń sọ. Yìnyín àti yíyọ́ ti mú kí àwọn purotéènì náà wọ́, kí wọ́n sì dì mọ́ ara wọn.

Mo sọ ìtàn yìí fún àbúrò ìyá mi lórí fóònù lálẹ́ ọjọ́ kan, kí àìsàn wọn tó bẹ̀rẹ̀. Ìyá Ìbejì ni gbogbo ilé ń pè wọ́n, aláró ni wọ́n, àdìrẹ ni wọ́n fi tọ́ wa. Wọ́n ní, “Àkànkẹ́, kí ló wá ṣòro níbẹ̀? Aró tó ti bàjẹ́ ńkọ́? Ó ṣì wà nínú ìkòkò, ó ṣì dúdú, o ṣì lè tọwọ́ bọ̀ ọ́. Kò kàn ní mú aṣọ mọ́ ni.”

Kókó náà, ibi ìwẹ̀ ni wọ́n ti kàn án. Oṣù mẹ́ta ni wọn ò fi sọ fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tí wọ́n wá sọ, Kẹ́hìndé wọn gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn kan, wọ́n gé díẹ̀ lára kókó náà, wọ́n sì fi ìgò tí wọ́n kó o sí lé Kẹ́hìndé lọ́wọ́ nínú ọ̀rá dúdú pé kó gbé e lọ sí láàbù ní ìlú míì. Ọ̀sán Jímọ̀ ni. Ìgbà tó máa débẹ̀, wọ́n ti ti ilẹ̀kùn. Ó gbé ọ̀rá náà padà sílé, ó gbé e sórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n, ó sì tún gbé e lọ láàárọ̀ Mọ́ńdè.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà ló ka èsì sí mi létí. Jẹjẹrẹ ni. Níwájú HER2, wọ́n kọ ọ́ pé kò ṣe é kà. Mo bi í pé kí ló wà nínú ìgò yẹn. Ó ní omi. Mo ní irú omi wo? Ó ní omi tí kò lóòórùn, bí omi dríìpù. Orí ìjókòó ọkọ̀ ojú irin ni mo wà, mo gbàgbé láti sọ̀ níbi tí mò ń lọ. Fọ́málíìnì, omi tó yẹ kí wọ́n kó irú ẹran bẹ́ẹ̀ sí kó má bàa bàjẹ́, máa ń ta imú. Bí kò bá lóòórùn, omi iyọ̀ ni wọ́n kó ẹran náà sí, ẹran náà sì ti fi ọjọ́ mẹ́ta rà díẹ̀díẹ̀ nínú ooru Abẹ́òkúta.

Kẹ́hìndé kò ṣẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò sọ fún un pé nǹkan kan ń kú nínú ọ̀rá tó gbé lọ́wọ́. Bí wọ́n bá ti gé ẹran kúrò lára, ẹ̀jẹ̀ kò dé ibẹ̀ mọ́, àwọn sẹ́ẹ̀lì náà yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ara wọn, wọn yóò sì máa ba HER2 jẹ́ pẹ̀lú gbogbo ohun tó wà lára wọn. Ìlànà tí àwọn dókítà jẹjẹrẹ àtàwọn tó ń yẹ ẹran wò ní Amẹ́ríkà fi lélẹ̀ ni pé kí ẹran wọnú fọ́málíìnì láàárín wákàtí kan, kó má dín ní wákàtí mẹ́fà níbẹ̀, kó má sì ju wákàtí 72 lọ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ń gé e bí ewé, tí wọ́n ń fi áńtíbọ́dì wá HER2 lára rẹ̀, tí àwọ̀ rẹ̀ yóò sì yọ. Òdo, ọ̀kan, méjì, mẹ́ta ni wọ́n fi ń ṣe máàkì rẹ̀. Mẹ́ta túmọ̀ sí pé HER2 pọ̀ yanturu, trastuzumab lè ṣiṣẹ́. Méjì túmọ̀ sí pé wọn yóò tún ka jíìnì rẹ̀. Àyẹ̀wò náà àti èyí tí mò ń ṣe nínú àwo, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ni. Inú mi bàjẹ́ gidigidi. HER2 tí a fi owó rà, a ń ṣọ́ ọ bí ojú. HER2 tó jẹ́ ti Ìyá Ìbejì, tí ẹ̀mí wọn so mọ́, ó sùn ọjọ́ mẹ́ta lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n.

Wọ́n ní láti gé wọn lẹ́ẹ̀kejì. Mo pe dókítà náà fúnra mi, mo bẹ̀ ẹ́, mo sì fi owó fọ́málíìnì ránṣẹ́, owó tí kò tó ti oúnjẹ ọ̀sán. Kẹ́hìndé dúró sẹ́nu ọ̀nà tíátà, ó kọ àkókò tí wọ́n gé e sára ìgò, ó sì sáré. Èsì dé: mẹ́ta.

N kò mọ bí mo ṣe fẹ́ ṣàlàyé pé mo dúpẹ́ nígbà tí mo gbọ́ pé jẹjẹrẹ tó le ni. Ọ̀pọ̀ obìnrin wa kì í rí èsì bẹ́ẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Olufunmilayo Olopade, tó kàwé dókítà ní Ìbàdàn kí wọ́n tó lọ di ìlú-mọ̀ọ́ká ní Yunifásítì Chicago, wà lára àwọn tó fi hàn pé láàárín àwọn obìnrin Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, jẹjẹrẹ ọmú tí kò ní HER2, tí kò sì ní rìsẹ́pítọ̀ méjì tó ń gba họ́mónù, wọ́pọ̀ ju bó ṣe wọ́pọ̀ láàárín àwọn òyìnbó lọ. Fún àwọn wọ̀nyẹn, trastuzumab kò rí ibi dì mú. Ṣùgbọ́n mo máa ń bi ara mi pé nínú gbogbo èsì òdo tí wọ́n ti kọ nílé wa, mélòó ló jẹ́ òdo láti ọwọ́ Ọlọ́run, mélòó ló jẹ́ òdo láti inú ọ̀rá dúdú?

Oògùn náà wọ́n. Àjọ Ìlera Àgbáyé fi trastuzumab sínú ìwé oògùn tí orílẹ̀-èdè kò gbọ́dọ̀ ṣàìní ní 2015, àmọ́ wíwà nínú ìwé yàtọ̀ sí wíwà lórí pẹpẹ ilé oògùn. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n ń gbà á, fún odindi ọdún kan. Gbogbo ẹbí ló dá a. Wọ́n ta ilẹ̀ kan. Ọ̀kan wà tí wọ́n ń gún sábẹ́ awọ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú márùn-ún, dípò kí èèyàn fi wákàtí kan àbọ̀ jókòó ti dríìpù lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Irú rẹ̀ ni wọ́n lò fún àwọn obìnrin ní Nàìjíríà nínú ìwádìí tí wọ́n pè ní ARETTA. Mo fẹ́ kí irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ pọ̀ sí i. Kí ó tó kan oògùn rárá, mo fẹ́ kí gbogbo yàrá tí wọ́n ti ń gé ọmú ní ìgò fọ́málíìnì kan tó ti wà ní ṣíṣí kí dókítà tó gbé ọ̀bẹ, kí pẹ́ńsùlù kan sì wà níbẹ̀ láti kọ àkókò.

Oṣù tó kọjá ni Ìyá Ìbejì gba abẹ́rẹ́ ìkẹtàlá. Mo pè wọ́n lórí fídíò, ìdí ìkòkò aró ni wọ́n wà, wọ́n joko lórí àpótí, àwọn ọmọ iṣẹ́ ló ń tẹ aṣọ bọ inú rẹ̀. Wọ́n ní àwọn fẹ́ rí ohun tí wọ́n rí lára àwọn. Dókítà ti ya fọ́tò rẹ̀ fún mi, mo fi ránṣẹ́. Àwọn sẹ́ẹ̀lì náà tò bí owó ẹyọ, òrùka àwọ̀ ilẹ̀ kan nípọn yí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ká. Wọ́n gbé fóònù náà súnmọ́ ojú, wọ́n wò ó pẹ́.

“Obì ni wọ́n fi pa á láró ni?”

Mo ní rárá, àwọ̀ náà ló kàn jọ ọ́.

“Ó mú dáadáa,” ni wọ́n wí. “Wákàtí mélòó ni wọ́n fi rẹ ẹ́ kó tó mú báyìí?”

Mo sọ fún wọn nípa fọ́málíìnì, mo sọ nípa wákàtí kan àti wákàtí mẹ́fà. N kò sọ ọ́ fún wọn rí. Wọ́n gbé fóònù sílẹ̀ lórí itan, kìkì òkè àjà ni mò ń rí, mo sì ń gbọ́ bí omi ṣe ń kán lára aṣọ.

“Èyí àkọ́kọ́ yẹn,” ni ohùn wọn wí, “ó ti pẹ́ jù kó tó dé inú aró.”

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, Mọ́mì.

Wọ́n pe Kẹ́hìndé, wọ́n ní kó wá yọ àwọn aṣọ tó wà nínú ìkòkò.